Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Yalari
"Ọmọ" ni Yalari túmọ̀ sí ní èdè Birri Gubba, ọ̀kan lára èdè àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà. Ọdún 2005 ni Waverley Stanley àti Llew Mullins dá ẹgbẹ́ aláàánú tó ń jẹ́ Yalari sílẹ̀. Stanley fúnra rẹ̀ ti jẹ irú àǹfààní tí ẹgbẹ́ náà ń fún àwọn ọmọ: olùkọ́ rẹ̀ kan ní ìlú Murgon ló bá a wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí Toowoomba Grammar School.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà láti ìlú kéékèèké àti abúlé ni Yalari ń rán lọ sílé ìwé tí wọ́n á máa gbé. Ọ̀nà jìn, kò ṣeé lọ láàárọ̀ kéèyàn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló le jù lójú tèmi: ọmọ ọdún 12 á di ẹrù, á fi ìyá àti ìyá àgbà sílẹ̀. Abájọ tí òṣìṣẹ́ Yalari fi ń bẹ àwọn ọmọ náà wò nílé ìwé.