Ìyẹ̀fun Inú Agolo àti Agbára Ara

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Yábàá, Mushin àti Súrùlérè a máa kó ara wọn jọ láti gbé irin. Àwọn kan ní ohun èlò tòótọ́. Àwọn mìíràn a fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹrù tí wọn yóò máa gbé. Eré agbára kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí, nítorí níbẹ̀ ni Pápá Ìṣeré Ńlá tí a ṣí ní 1972 wà, níbi tí Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ti wáyé ní 1973. Ohun tí ó jẹ́ titun ni agolo ìyẹ̀fun tí àwọn agbérin ń rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò tó a tún máa febi sùn kí ó lè rà á. Ó tọ́ kí a wádìí bóyá irú ìyà bẹ́ẹ̀ pọn dandan.

Kí ni ó wà nínú agolo náà? Purotéènì ni, èyíinì ni èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń mọ iṣan, tí ó sì fi ń tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní whey, kò sì jìnnà sí ohun tí ojú wa ti rí. Bí obìnrin Fúlàní bá ń ṣe wàràkàṣì, a da oje ewé bọmubọmu sí mílíìkì màlúù gbígbóná. Mílíìkì náà a dì, omi a sì ṣẹ́ kù. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń sẹ́, tí wọ́n ń gbẹ di ìyẹ̀fun.

Ṣùgbọ́n iṣan kì í dàgbà nítorí ìyẹ̀fun nìkan. Ẹrù tí a gbé ni ó ń ta iṣan jí. Nígbà ìsinmi àti oorun, ara a wá fi purotéènì kún un. Èyí tí ó bá pọ̀ jù, ara a sun ún bí igi ìdáná, tàbí kí ó sọ ọ́ di ọ̀rá. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí 49 jọ. Wọ́n rí i pé bí agbérin bá ti jẹ tó gíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, èyí tí ó bá jẹ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún iṣan mọ́. Fún ẹni tí ó wọ̀n kílò 70, èyí jẹ́ gíráàmù 112.

Ǹjẹ́ oúnjẹ ilé lè pèsè iye yìí? Ẹyin 3 ní nǹkan bí gíráàmù 18. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 150 ní 35. Ẹja gíráàmù 200 ní 40. Ẹ̀pà gíráàmù 50 ní 12. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 105, ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì tí a fi jẹ wọ́n yóò sì dí ìyókù. Àwọn ìyá wa tí ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ kò ṣìṣe: ẹ̀wà ní lysine tí ó sọ̀wọ́n nínú àgbàdo, àgbàdo sì ní methionine tí ó kéré nínú ẹ̀wà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Èyí kò sọ ìyẹ̀fun náà di májèlé. Ó lè ran ẹni tí kò ráyè dáná lọ́wọ́, nítorí ìwọ̀n gíráàmù 30 rẹ̀ sábà máa ń ní purotéènì tí ó tó gíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó gba ìṣọ́ra. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìlú Cologne ní Jámánì tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n yẹ oríṣi àfikún oúnjẹ 634 wò. 94 nínú wọn ní èròjà bí oògùn agbára tí a kò kọ sí ara wọn. Nítorí náà, kí olùrà wá nọ́ńbà NAFDAC lára agolo, kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá sì kọ́kọ́ rí dókítà.

Àfikún ni wọ́n ń pè é. Orí oúnjẹ ni a ń fi àfikún lé. Ẹni tí ó febi sùn kí ó lè rà á kò ní ohun tí yóò fi kún.