Àwọn Ọ̀bọ Òkè Nagano

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì tẹ àwọn òkè Nagano ní ilẹ̀ Japan, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin lọ́dọọdún, yóò rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún òun bí wọ́n bá ní ọ̀bọ inú igbó ń jókòó sínú omi gbígbóná, ó di ojú, ó fẹ̀yìn ti òkúta, bí ìjòyè tó jẹ iyán yó.

Jigokudani ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àfonífojì tí ooru omi ń rú túú láti inú àpáta rẹ̀. Ọkọ̀ kò dé ẹnu ọgbà tí àwọn ọ̀bọ náà wà. Ẹsẹ̀ ni àlejò fi ń rin ọ̀nà tó lé ní kìlómítà kan àbọ̀ láàrin igi gíga. Àwa tí a mọ Ìkògòsì ní Èkìtì mọ̀ pé ilẹ̀ a máa tu omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kí ọ̀bọ sọ irú omi bẹ́ẹ̀ di balùwẹ̀, ìyẹn ló ṣọ̀wọ́n.

Ìwẹ̀ yìí kì í sì í ṣe àbínibí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1963, ọ̀dọ́ abo ọ̀bọ kan wọ inú adágún ìwẹ̀ tó wà ní ìta ilé àlejò kan létí odò; ó dùn mọ́ ọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, títí ó fi di ohun tí ọmọ ń kọ́ lára ìyá. Àwọn àlejò tó sanwó kò kúkú fẹ́ bá ọ̀bọ pín omi, ni wọ́n bá ṣe adágún ọ̀tọ̀ fún àwọn ọ̀bọ nínú ọgbà náà, tí wọ́n ṣí ní 1964.

Súnmọ́ wọn díẹ̀, ìwọ yóò rí i pé ojú wọn pọ́n fòò, yìnyín dì gbagidi lórí irun orí wọn nígbà tí ara ìsàlẹ̀ ń gbóná. Èyí ń la irun èkejì, ó ń fi èékánná ṣa ẹyin iná, ó ń sọ ọ́ sẹ́nu. Má ṣe rò pé ìrẹ́pọ̀ lásán ni. Ààfin ni adágún yẹn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kyoto tó yẹ ìgbẹ́ abo ọ̀bọ 12 wò tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2018, pé ìwẹ̀ náà ń dín ìnira òtútù kù lára wọn, àti pé àwọn abo tó wà nípò gíga ló ń pẹ́ jù nínú omi. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Èyí tí yóò sì ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu jù ni pé láàrin àwọn ọmọbìnrin ìyá kan náà, àbúrò ló sábà máa ń ju ẹ̀gbọ́n lọ. Àbíkẹ́yìn ni yóò jókòó ti ìyá, kí ẹ̀gbọ́n yà fún un! Ilé wo ni yóò tòrò nílẹ̀ wa bí a bá dá irú àṣà yẹn sílẹ̀?

Àlejò kò gbọdọ̀ fún wọn lóúnjẹ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, kò sì gbọdọ̀ tẹjú mọ́ wọn, nítorí ìpè sí ìjà ni ìyẹn lójú ọ̀bọ. Ìgbà òtútù ni kí olùwòran lọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà ooru yóò rí ọ̀bọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣàì rí ẹyọ kan nínú omi.