Ìṣàwárí àti Ìdúró Sójú Kan: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀wọ́ Ìpinnu ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé òwe méjèèjì tako ara wọn: èkíní ń rọ ènìyàn kí ó lọ wo ibòmíràn, èkejì ń kìlọ̀ fún un kí ó di ohun kan ṣoṣo mú. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìgbà tí ó yẹ láti lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó yàtọ̀. Ìbéèrè nípa ìgbà yìí ni ìpìlẹ̀ ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń yẹ̀ wò láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ìgbà wo ni kí ènìyàn ṣàwárí, ìgbà wo ni kí ó jẹ àǹfààní ohun tí ó ti mọ̀? Ó ń jẹyọ níbikíbi tí a bá ti ní láti ṣe ọ̀wọ́ ìpinnu, tí àbájáde ti òní sì ń kọ́ ni ní ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lọ́la.

2. Ẹ̀rí láti inú ìtàn Àwórì

Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Àwórì, ìtàn orírun Àwórì sì jẹ́ ìtàn ọ̀wọ́ ìpinnu. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́, Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tọ àwo kan lẹ́yìn lórí Odò Ògùn. Àwo náà dúró ní Olókèméjì fún ọjọ́ 17, ó ṣí. Ó tún dúró ní Òkè-Àtà, ó tún ṣí. Ní Ìṣẹ̀rì, ó pẹ́ tó ọjọ́ 289 kí ó tó tún gbéra. Nígbẹ̀yìn ni ó rì, tí Ọlọ́fin sì dá àwọn tí ó béèrè lóhùn pé, "Àwo ti rì."

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fi ojú sí níbẹ̀. Èkíní, wọn kò kan kọjá ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ibẹ̀ pẹ́ tó láti mọ bí ibẹ̀ ti rí. Èkejì, bí àwo ti ń ṣí ni àwọn kan ń dúró sẹ́yìn láti tẹ ibẹ̀ dó. Nípa bẹ́ẹ̀, agbo náà ṣe ohun tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan ń ṣàwárí, apá kan ń jẹ àǹfààní ibi tí wọ́n ti rí.

3. Ìṣirò náà

Ní 1933, William R. Thompson gbé ìṣòro yìí kalẹ̀ nípa ìtọ́jú méjì tí a kò tíì mọ èyí tí ó sàn jù fún aláìsàn. Herbert Robbins tún gbé e yẹ̀ wò ní 1952. Ní 1979, John Gittins ṣàlàyé bí a ti lè fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà kan tí ó pa ohun tí ó ń mú wá àti ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ ni pọ̀. Àpẹẹrẹ olóúnjẹ kan ní Sàngó-Ọ̀tà yóò mú kókó náà yéni.

Kí a gbà pé obìnrin kan ń ta abọ́ ìrẹsì 40 lójúmọ́ ní ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan. Iléeṣẹ́ mìíràn wà tí kò tíì dé rí: ó ṣeé ṣe kí ó ta 50 níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe bákan náà kí ó ta 10 péré. Ìdajì-dídajì rẹ̀ jẹ́ 30, èyí tí kò tó 40. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó kù fún un láti tajà, kí ó má ṣe lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ibẹ̀ bá dára, yóò ta 1,500. Bí kò bá dára, yóò ta 10 ní ọjọ́ kìíní, yóò padà sí ojú ìsọ̀ rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1,170. Ìdajì-dídajì méjèèjì jẹ́ 1,335. Bí ó bá dúró sójú kan, 1,200 ni. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ìdánwò náà yóò pa á lára. Bí ó bá ku mẹ́ta, ọgbọọgba ni. Láti ọjọ́ mẹ́rin lọ sókè, èrè ni. Bí ọjọ́ iwájú bá ti gùn tó ni ìṣàwárí ṣe níye lórí tó.

Ní tòótọ́, ọjọ́ kan kì í sábà tó láti mọ ọjà. Òjò lè rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò tíì gba owó oṣù. Ìmọ̀ pàápàá a máa gbó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di 2022, ohun tí oníṣòwò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò kò tó gbójú lé mọ́.

4. Ta ni ń san owó ìdánwò?

Ìṣirò òkè yìí gbà pé olóúnjẹ náà lè la ọjọ́ burúkú kan já. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí ó bá ta abọ́ 10, ìrẹsì yòókù lè bàjẹ́. Bí alájọ àti oníyàwó-ìrẹsì bá sì ń dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́, kò ní rí owó tí yóò fi dáná lọ́la. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìṣirò ṣèlérí kò ní wúlò fún un mọ́. Nítorí náà, kò tọ́ láti pe ẹni tí ó dúró sójú kan ní òpè tàbí ọ̀lẹ. Àìní lè sọ ọjọ́ iwájú gígùn di ọjọ́ kan ṣoṣo. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún alágbàṣe ojúmọ́ tí kò lè fi ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sílẹ̀ kí ó lọ wá iṣẹ́ tí ó sàn jù.

Ẹgbẹ́ lè tún èyí ṣe. Bí olóúnjẹ mẹ́wàá bá rán ẹnì kan lọ dán ibi tuntun wò, tí wọ́n sì pín àdánù ọjọ́ náà láàárín ara wọn, abọ́ mẹ́ta péré ni àdánù 30 yóò jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìmọ̀ náà yóò sì di ti gbogbo wọn.

5. Àgbálọgbábọ̀

Òwe méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ bára mu. Kí ènìyàn dé oko ẹlòmíràn nígbà tí ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú, tí àdánù kò sì ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó di eku kan mú nígbà tí ọjọ́ bá ti kúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí tálákà máa ṣàwárí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù ọjọ́ tí ọjà kò tà.