Agbowó-orí Lọ, Afinimọ̀nà Dé: Ilé Ìpọntí Wísíkì ní Skọ́tlándì

Ní Skọ́tlándì, tí ó wà ní apá àríwá erékùṣù Bírítéènì, ilé ìpọntí wísíkì ti di ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ohun méjì pọ̀: ọtí inú ìgò, àti àǹfààní láti wo bí a ṣe ń pọn ọtí náà. Àwọn ilé ìpọntí wọ̀nyí ju 140 lọ, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní gbọ̀ngàn àlejò, níbi tí arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń san owó ìwọlé, tí afinimọ̀nà yóò mú un yí ọgbà ká, tí yóò sì bu ọtí fún un tọ́ wò kí ó tó máa lọ. Fún ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ wísíkì ilẹ̀ náà, Scotch Whisky Association, ròyìn pé iye ìbẹ̀wò ti kọjá mílíọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohun tí àlejò ń rí níbẹ̀ fi rí bí ó ti rí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ó ti ń gbé inú ọgbà ṣáájú afinimọ̀nà, ìyẹn agbowó-orí ìjọba.

Ìwé ìṣirò owó ọba ilẹ̀ Skọ́tlándì ti ọdún 1494 ti dárúkọ ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kan, John Cor, tí a fún ní ọkà láti fi pọn ọtí líle, èyí sì ni àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù lọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìgbà náà, àgbẹ̀ ni ó ń pọn ọtí náà nínú ilé àti ní ìsàlẹ̀ òkè, ìjọba ń bu owó-orí lé e, àwọn apọntí sì ń sá fún owó-orí, títí òfin ọdún 1823 fi dín owó náà kù, tí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá san pọ́n-ùn 10 lọ́dún gba ìwé-àṣẹ. George Smith ti Glenlivet ni ó kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ ní agbègbè rẹ̀ ní ọdún 1824, inú sì bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọn kò tíì fi fàyàwọ́ sílẹ̀ débi pé wọ́n halẹ̀ láti dáná sun ilé ìpọntí náà, tí òun fi ń gbé ìbọn ìléwọ́ méjì kiri.

Owó ìwé-àṣẹ nìkan kọ́ ni apọntí san. Ó tún gba aṣojú ìjọba, ìyẹn agbowó-orí, sínú ọgbà rẹ̀, ó pèsè ilé fún un, kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù-sí sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó yẹ kí a sọ ọ́ níbí pé ìjọba Bírítéènì kan náà, tí ó fi ìwé-àṣẹ tí kò wọ́n fa àwọn afàyàwọ́ ilé rẹ̀ mọ́ra, kò ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń se ògógóró láti inú ògùrọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí pé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè amúnisìn fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye ní ọdún 1919 fi òfin de pípọn ọtí líle ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ ògógóró sì di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́.

Ohun tí ó fi ipa agbowó-orí hàn jù lọ lójú àlejò òde-òní ni àpótí idẹ àti gíláàsì kan tí ó ń dán gbinrin nítòsí àwọn ìkòkò bàbà tí a fi ń se ọtí. Inú àpótí yìí ni gbogbo ọtí tí ó bá ti inú ìkòkò jáde gbọ́dọ̀ gbà kọjá, àgádágodo sì ni a fi tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà bu nínú rẹ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n fún owó-orí. Nítorí náà ni apọntí ṣe ní láti kọ́ bí a ṣe ń dá ọtí mọ̀ láìfọwọ́ kàn án, láìgbóòórùn rẹ̀, láìtọ́ ọ wò: ó ń wo ojú ọtí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń wo irinṣẹ́ tí ó léfòó nínú rẹ̀ láti mọ bí ó ti le tó, ó sì ń fi ọwọ́ irin tí ó wà lóde àpótí darí ìṣàn náà. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde le jù, ó sì ní àwọn èròjà tí kò dára fún mímu; èyí tí ó jáde kẹ́yìn kò lágbára, òórùn rẹ̀ kò sì wu ni; àárín nìkan ni a ń gbà, a sì ń dá ìyókù padà sínú ìkòkò láti tún un sè.

Ṣáájú kí àlejò tó dé ibi àpótí yìí, a ti mú un la ọ̀nà tí ọkà gbà kọjá. Ọkà báálì ni a ń rẹ sínú omi títí yóò fi hù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àgbàdo tí a fẹ́ fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, nítorí pé híhù ni ó ń jẹ́ kí èròjà inú ọkà lè di ṣúgà. A óò wá fi iná yan án gbẹ. Ní erékùṣù Islay, níbi tí ilé ìpọntí bíi Laphroaig àti Bowmore wà, pííìtì, ìyẹn ilẹ̀ irà tí ó kún fún ewéko jíjẹrà, tí a gé bí bíríkì tí a sì sá gbẹ, ni wọ́n fi ń dá iná náà, èéfín rẹ̀ ni ó sì ń fún ọtí wọn ní òórùn tí àwọn kan fẹ́ràn gan-an, tí àwọn mìíràn kò sì lè gbà láé. Omi gbígbóná ni a fi ń fa ṣúgà jáde lára ọkà tí a ti lọ̀. A óò da omi aládùn náà sínú agbada gíga, a óò sì fi ìwúkàrà sí i. Níbi agbada yìí ni afinimọ̀nà ti máa ń ṣí ọmọrí, tí yóò ní kí àlejò rọra gbé imú sún mọ́ ọn, kì í sì pẹ́ tí gáàsì tí ìwúkàrà ń tú jáde yóò ta á ní imú, tí orí rẹ̀ yóò sì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Omi náà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le ju bíà lọ nígbà náà, ni a ń sè nínú ìkòkò bàbà, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọtí tí ó jáde mọ́ gaara bí omi, òfin kò sì tíì gbà kí a pè é ní wísíkì. Ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán nínú àgbá igi óákù tí kò gbà ju lítà 700 lọ, ní Skọ́tlándì gan-an. Púpọ̀ nínú àgbá wọ̀nyí ni ó ti Amẹ́ríkà wá, nítorí pé òfin ibẹ̀ béèrè àgbá tuntun fún ọtí bourbon wọn, àgbá tí wọ́n bá sì ti lò di títà. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ọtí inú àgbá ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn apọntí ń pè ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Olú kan tí ó ń jẹ ooru ọtí yìí ni ó ń sọ ògiri àti igi àyíká ilé ìkẹ́rù-sí di dúdú.

Glenfiddich, tí William Grant dá sílẹ̀ ní Dufftown, ni ó kọ́kọ́ ṣí gbọ̀ngàn àlejò ní ọdún 1969, nígbà tí agbowó-orí ṣì ń gbé inú ọgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1983 ni ìjọba fa kọ́kọ́rọ́ lé àwọn ọ̀gá ilé ìpọntí lọ́wọ́, tí iṣẹ́ agbowó-orí inú ọgbà sì parí. Ọdún yẹn kan náà ni ọjà kò tà, tí ilé ìpọntí púpọ̀ sì ti ìlẹ̀kùn wọn. Dallas Dhu, tí ó wà lára wọn, di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó gba ipò agbowó-orí lójú àwọn ará ìta ni afinimọ̀nà, ìyàtọ̀ wọn kò sì kéré, nítorí pé iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́ ọtí wò kí a tó gba owó ìjọba, iṣẹ́ ti èkejì sì ni kí gbogbo àlejò tọ́ ọ wò. Òfin kò sì tíì kúrò nínú ọgbà: láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Skọ́tlándì ti dín ìwọ̀n ọtí tí awakọ̀ lè ní nínú ẹ̀jẹ̀ kù sí mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100, ìdí nìyí tí ilé ìpọntí púpọ̀ fi ń rọ ìpín awakọ̀ sínú ìgò kékeré fún un láti mu nílé.

Síbẹ̀, ohun tí afinimọ̀nà ń fi hàn kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ilé ìpọntí tí ó ń mú ọkà hù fúnra rẹ̀ kò pọ̀ mọ́; ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó ń ṣe é fún àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé àdàlù ni ọ̀pọ̀ jù lọ wísíkì tí ilẹ̀ náà ń tà sókè òkun, ohun tí ó sì pọ̀ nínú àdàlù náà ni ọtí tí a fi àlìkámà tàbí àgbàdo pọn nínú ẹ̀rọ gíga tí kì í sinmi, ní àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Cameronbridge àti Girvan, tí kò sí lára ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń tò lọ.