Ilé ìfẹ̀yìntì lẹ́bàá odò: Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà nígbà òjò

Ọ̀rọ̀ ilé àgbà la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan ti fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba, ariwo ìgboro sì ti sú wọn. Bí wọ́n bá gba títì Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti Mọ́níyà dé Ìrókò, wọ́n á rí ilẹ̀ tó tẹ́ wọn lọ́rùn láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí Mọ́níyà, ọmọ tó wà l'Ékòó pàápàá kò ní àwáwí mọ́ pé ọ̀nà jìn.

Ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń béèrè ilẹ̀ tó sún mọ́ omi. A kò bá wọn wí. Atẹ́gùn ibẹ̀ tura, àgbà lè sin ẹja díẹ̀, kó sì gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àmọ́, oṣù wo ni wọ́n mú yín lọ wo ilẹ̀ ọ̀hún? Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, odò á ti gbẹ di tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọdé á máa fò ó kọjá. Ẹ padà lọ nínú oṣù Kẹsàn-án kí ẹ lọ wo odò kan náà.

Ta ni kò rántí Ògùnpa n'Íbàdàn? Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún di ti odò Ọnà àtàwọn odò mìíràn. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1942, kún àkúnya, àwọn afárá já, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì kú. Oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn kò mórí bọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó wó ló jẹ́ pé ojú ọ̀nà omi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tó di ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi ran ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ omíyalé. Ìjọba lè yáwó. Ẹni ọdún 65 tó ti kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé ilé kan ṣoṣo ńkọ́?

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí ọparun, ògùrọ̀ tàbí kókò tó ń dá hù, tí ilẹ̀ dúdú ń lẹ̀ mọ́ bàtà, àkùrọ̀ nìyẹn. Àkùrọ̀ dára fún ewédú àti tẹ̀tẹ̀, kò dára fún ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ wo ara igi pẹ̀lú: bí pàǹtírí bá há sórí ẹ̀ka tó ga ju orúnkún lọ, omi ti dé ibẹ̀ rí. Lójú tèmi, ilẹ̀ yangí tó ga, tí ẹ ti lè jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ máa wo odò lókèèrè, ló yẹ àgbà.

Bí sòbìà yóò bá degbò, Olúgànbe là á ké sí. Awọnlẹ̀ ni Olúgànbe yín lórí ọ̀rọ̀ ààlà. Ní ti omi, ẹ lọ bá ìyá àgbà tó ti ń dáko lágbègbè náà láti ogójì ọdún. Ẹ bi í pé lọ́dún tí omi pọ̀ jù lójú ẹ̀yin, ìyá, ibo ló dé? Ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè má fẹ́ràn ìbéèrè yìí, nítorí náà, ẹ má mú un dání.

Sòbìà tí a dárúkọ yẹn ti tán nílẹ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013. Síbẹ̀, omi odò kì í ṣe omi mímu. Ẹ gbẹ́ kànga sí apá òkè, kí ṣalángá wà nísàlẹ̀, ó kéré tán 30 mítà síra wọn.

Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ gun ọ̀kadà láti orí ilẹ̀ náà lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ ọn jù. Bó bá jẹ́ afárá onípákó kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà, ẹ wá ilẹ̀ sí òdìkejì odò.