Ríra Ìwé Ifá Àtijọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Pé àti Iye Tó Tọ́ sí I

Ọ̀pọ̀ babaláwo, aṣèwádìí àti ọmọ awo, nílé àti lẹ́yìn odi, ló ń wá ìwé Ifá tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí a kò fọwọ́ kàn, tí a kò ṣí wò, ó gba sùúrù. Ohun mẹ́ta la fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín: irú àtẹ̀jáde tí ìwé jẹ́, bí ara rẹ̀ ṣe rí, àti iye tó tọ́ sí i.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀jáde. Ọdún tí ẹni tó ń tàwé kọ síbẹ̀ nìkan kò tó. Ìwé William Bascom, Ifa Divination, kọ́kọ́ jáde ní 1969 láti Indiana University Press, ẹlẹ́yìn líle ni. Ilé-iṣẹ́ kan náà tún un tẹ̀ ní 1991, ẹlẹ́yìn rírọ̀. Ẹni tó fẹ́ kà á, èyíkéyìí ló tó o. Ẹni tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ kò gbọdọ̀ san owó ti 1969 lórí ti 1991. Bákan náà ni The History of the Yorubas ti Samuel Johnson, tó kọ́kọ́ jáde ní London ní 1921: àìmọye ìgbà ni wọ́n ti tún un tẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń ya àwòrán ìwé àtijọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tuntun, wọ́n á sì fi ọdún àkọ́kọ́ polówó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè àwòrán ojú ìwé àkọlé àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọdún àtúntẹ̀ máa ń wà.

Ó wá kan ara ìwé. Àwọn oníṣòwò ìwé ní èdè tiwọn. “Fine” dára ju “Very Good” lọ. Èyí tí wọ́n bá pè ní “Good”, ẹ má rò pé ó dára lóòótọ́ o. Ìwé tí wọ́n ti lò dáadáa ni, tó kàn yẹ kí ewé rẹ̀ pé. “Ex-library” ni èyí tó ti ilé ìkàwé jáde, òǹtẹ̀ àti àpò káàdì sábà máa ń wà lára rẹ̀.

Ojú tiwa náà ti rí i. A ra ìwé kan tí wọ́n pè ní “Good”, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Nígbà tó dé, láti ojú ìwé 96, ó fò bọ́ sí 105: ewé mẹ́rin ti já dànù láàárín Odù kan. Owó kọ́ ló dùn wá jù. Ọmọ awo tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ Ifá lè so orí ẹsẹ kan mọ́ ìdí òmíràn láìmọ̀. Láti ìgbà náà, a máa ń wo iye ojú ìwé nínú WorldCat, a ó sì ní kí òǹtajà ka tirẹ̀ fún wa kí a tó sanwó. A tún máa ń béèrè bóyá ikán ti jẹ ẹ́, tàbí ó ti bu.

Ní ti owó, iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń tà á. Ẹnikẹ́ni lè pe iye tó wù ú lórí AbeBooks. Lórí eBay, ẹ lè wo àwọn èyí tó ti tà. Àtẹ̀jáde kan náà, tí ara wọn rí bákan náà, ni kí ẹ fi wéra.

Ohun kan wà tí àwa àti oníṣòwò kò fi ojú kan náà wò. Bí wọ́n bá ti fi bírò kọ nǹkan sí etí ìwé, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ babaláwo ló ṣàtúnṣe ẹsẹ síbẹ̀, àǹfààní ńlá ni. Ẹ má pa á rẹ́.

Lákòótán, bí ìwé bá pé títí, kò dà bí ẹnu àgbà. Ibi tó bá rú yín lójú, ẹ gbé e tọ olúwo yín lọ.