Eré Ìkópa-Ẹ̀dá: Àlàyé fún Ọ̀gbẹ̀rì, pẹ̀lú Àbá Ọ̀rọ̀-Ìperí

Irú eré kan wà tí àwọn tí ń ṣe é máa ń jókòó yí tábìlì ká, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò sì máa ṣe ìpinnu, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀dá kan nínú ìtàn. A kò kọ ìtàn náà tán sínú ìwé kankan. Àwọn tí ó jókòó ni wọ́n jọ ń hun ún bí eré ti ń lọ. Ète wa níhìn-ín ni láti ṣàlàyé eré yìí fún ọ̀gbẹ̀rì, kí a sì dábàá ọ̀rọ̀-ìperí tí kò ní ṣì í lọ́nà. Orúkọ tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò fi mọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Eré ogun ni ó bí eré yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia máa ń fi àwòrán ilẹ̀ àti dáìsì kọ́ ọgbọ́n ogun, tí ẹnì kan yóò sì máa ṣe onídàájọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde ní ọdún 1974, ìwé kékeré 3 nínú páálí kan. Dípò kí ẹnì kan máa darí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, ẹ̀dá kan ṣoṣo ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

A dábàá akópa fún ẹni tí ń ṣe eré náà. Òṣèré kò bá a mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni òṣèré ń sọ. Ọ̀ta àti òpè inú ayò kò bá a mu pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tí ń pa ẹnì kejì nídìí eré yìí. Ẹ̀dá ni ẹni inú ìtàn tí akópa ń sọ̀rọ̀ fún. Ó yẹ kí a pààlà sáàrin àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀dá bá jalè, akópa kò jalè. Bí ẹ̀dá bá kú, akópa lè ṣe òmíràn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan ní Amẹ́ríkà pariwo pé iṣẹ́ àjẹ́ ni eré yìí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Lójú tiwa, àìpààlà yìí wà lára ohun tí ó fa ìbẹ̀rù wọn.

Ẹni tí ń ṣàpèjúwe ibi tí àwọn ẹ̀dá wà, tí ó sì ń sọ àbáyọrí ohun tí wọ́n ṣe, ni a dábàá atọ́kùn fún. Bí a bá pè é ní ọ̀gá, ọ̀gbẹ̀rì yóò máa bẹ̀rù rẹ̀, tàbí kí ó máa wá ọ̀nà láti borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n atọ́kùn kì í bá eégún jà. Ó ń tọ́ ọ sọ́nà ni.

Nígbà tí àbáyọrí kò bá dáni lójú ni a ń ta dáìsì. Yàtọ̀ sí ọlójú-mẹ́fà tí a fi ń ta lúdò, ọlójú-ogún wà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀dá kan fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tí a tì pa. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, tí ó jáde ní ọdún 2014, atọ́kùn lè fi òṣùwọ̀n ìṣòro sí 15. Bí àfikún ẹ̀dá náà bá jẹ́ 3, ó di dandan kí dáìsì fi 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Ojú 9 nínú 20 ni ó ṣe é, èyí tí í ṣe 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìmọ̀ ẹ̀dá náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mú un dá a lójú.

Kò pọn dandan kí ọ̀gbẹ̀rì kọ́ gbogbo òfin kí ó tó jókòó. Kí a fún un ní ẹ̀dá tí a ti ṣe sílẹ̀. Irú rẹ̀ 5 ni ó wà nínú páálí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Kí a ṣàlàyé òfin kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Kí a bi í ṣáájú bí ohun kan bá wà tí kò fẹ́ kí ó wọ inú ìtàn. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ó bá béèrè pé, “Kí ni mo lè ṣe?”, kí àwọn àgbà akópa má ṣe dáhùn fún un. Kí atọ́kùn bi í padà pé, “Kí ni ẹ̀dá rẹ ìbá ṣe?” Ọjọ́ tí ó bá fúnra rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí ni ó di akópa.

Nítorí èyí ni a fi dábàá eré ìkópa-ẹ̀dá fún eré náà fúnra rẹ̀. Ìkópa nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tí ó lọ sí ìpàdé náà kópa níbẹ̀. Ẹ̀dá tí a so mọ́ ọn ni ó fi ìyàtọ̀ hàn.